Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ahọ́n Tíṣà

Bàbá mi àgbà kórìíra kí wọ́n máa yin òkú. Tó bá ti ibi ìsìnkú dé, á bọ́ fìlà, á jókòó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwà rere tí wọ́n ní olóògbé ní, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ó ní téèyàn bá gba ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́bàá pósí gbọ́, a jẹ́ pé kò tíì sí ahun kan, òpùrọ́ kan tàbí alágídí kan tó kú rí ní Ìgándò. Gbogbo wọn ló ṣì wà láyé, àdúgbò wa ni wọ́n sì ń gbé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé alágídí ni bàbá mi àgbà. Ó sì lahun díẹ̀. Irọ́ nìkan ni kò mọ̀ ọ́n pa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó gbìyànjú rẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe parí.

Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Èkìtì ni, títí tó fi kú ló ń pe ilé ní ulé. Ó kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní sáyẹ́ǹsì títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti kọ́ ilé kékeré kan sí Ìgándò láti ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkejà ti ń bi í bóyá ó ń bá ẹranko gbé níbẹ̀. Èmi ni mo bá a gbé ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn, torí pé Ìdímù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì jìnnà, àti torí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ìpàdé, wọ́n sì fẹnu kò pé èmi ni mo ní sùúrù jù. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo ní in.

Bó ṣe ń dáhùn ìkíni ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Gbogbo wa la mọ̀ pé tí wọ́n bá bi èèyàn pé ara ńkọ́, èèyàn á ní ara le, a dúpẹ́, gbogbo ẹ̀ á sì tán síbẹ̀. Ti Bàbá kì í tán síbẹ̀. Á dúró, á ronú, á wá sọ bí ara ṣe jẹ́ gan-an: orúnkún òsì, ojú ọ̀tún, àti bóyá inú òun ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà tàbí kò ṣiṣẹ́. Alhájì tó ń ta sìmẹ́ńtì ní ọ̀kánkán ilé wa ti kọ́gbọ́n. "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà" nìkan ló ń sọ, torí kò sí ìbéèrè nínú ẹ kú iṣẹ́. Mo bẹ Bàbá nígbà kan pé kó máa dúpẹ́ bí àwọn èèyàn yòókù. Ó ní, "Tí wọn ò bá fẹ́ mọ̀, kí ni wọ́n ń béèrè fún?"

Ọjọ́ tó ru iṣu bọ̀ láti ọjà Ìkòtún ni àìsàn ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ fara hàn. Kò gbà kí alábàárù bá òun gbé e, ó ní àwọn alábàárù Ìkòtún máa ń yára ju oníṣu lọ. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà àdúgbò wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, nǹkan kan fún un láyà pinpin. Ó ní ó dà bíi pé èèyàn kan tó sanra jókòó lé òun láyà, tí kò sì ní in lọ́kàn láti dìde. Ó dúró, ìrora náà lọ. Ó rìn, ó tún dé. Ẹlòmíì ì bá pe èèyàn, ṣùgbọ́n Bàbá tún rìn, ó tún dúró, ó tún rìn, kó lè dá a lójú pé ìrìn ló ń fà á. Àwọn tó rí i rò pé nǹkan kan ló bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà tó rí i ní ọsibítù, ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tèmi lọ, ṣàlàyé fún un pé àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn ti fún. Téèyàn bá jókòó, ẹ̀jẹ̀ tó ń gbà á kọjá á tó ọkàn. Téèyàn bá ń gòkè, kò ní í tó, ọkàn á sì figbe ta. Ó fún un ní oògùn kékeré kan tó máa fi sábẹ́ ahọ́n nígbàkigbà tí àyà bá fún un. Kò gbọ́dọ̀ gbé e mì, torí tó bá gba inú lọ, ẹ̀dọ̀ á ti ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́ kó tó débi iṣẹ́. Kó sì kọ́kọ́ jókòó kó tó lò ó. Bàbá béèrè ìdí tí òun fi máa jókòó. Dókítà dáhùn. Bàbá béèrè ìdí ìdáhùn náà. Àwọn èèyàn tó wà lórí ìlà níta bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Nígbà tá a fi máa jáde, dókítà ti yàwòrán ọkàn sẹ́yìn ìwé méjì, bàbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó yege ìdánwò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí síbi ẹ̀rọ omi. Ó fi rọ́bà gígùn tá a fi ń fa omi sí ẹnu ẹ̀rọ, ó ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì fún un pọ̀. Omi di tín-ín-rín. Ó ní ọwọ́ mi yẹn ni ẹran tó yí iṣan ẹ̀jẹ̀ ká. Òun ló ń fún iṣan, òun náà ló sì ń tú u sílẹ̀. Nínú iṣan lọ́hùn-ún, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń ṣe gáàsì díẹ̀ fúnra rẹ̀, náítíríkì ọ́kísáìdì lorúkọ rẹ̀. Gáàsì yìí á wọ inú ẹran náà lọ, á sọ fún un pé kó dẹwọ́, kò sì ní í pẹ́ tó fi máa pòórá. Nígbà téèyàn bá ti dàgbà, tí ọ̀rá sì ti lẹ̀ mọ́ inú iṣan, awọ yẹn kì í lè ṣe gáàsì náà tó mọ́. Iṣẹ́ oògùn abẹ́ ahọ́n ò ju kó gbé gáàsì náà wọlé látìta. Ó ní kí n dẹwọ́. Mo dẹwọ́, omi sì rọ́ sí bàtà tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Mo rò pé ẹ̀kọ́ ti parí. Kò tíì parí. Ó ní èyí tó ya òun lẹ́nu jù ni pé àwọn iṣan ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọkàn náà máa ń dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá rọra dúró díẹ̀ ní ẹsẹ̀ àti ní ikùn, kò ní í ya dé ọ̀dọ̀ ọkàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bi mí ohun tí mo rí kọ́. Mo ní oògùn náà ń fún ọkàn lágbára. Ó mi orí bó ṣe máa ń mi orí fún ọmọ tó gba òdo. "Wọn ò fún ọkàn lágbára kankan," ó ní. "Ẹrù ni wọ́n dín fún un."

Láti ọjọ́ náà, oògùn yìí di ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn. Ohun tó dùn mọ́ ọn jù ni pé nǹkan kan náà ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dínámáìtì. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Èkìtì, ó máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà tó ń fọ́ àpáta, wọ́n á lé wọn sẹ́yìn, ilẹ̀ á mì, àpáta á di wẹ́wẹ́. Kó wá jẹ́ pé èròjà yẹn gan-an ló ń yọ́ lábẹ́ ahọ́n òun lọ́jọ́ alẹ́ òun, ó ka èyí sí iyì. Orí máa ń fọ́ ọ lẹ́yìn tó bá lò ó, torí iṣan orí náà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá iṣan àyà sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́rí yẹn gan-an ń dùn mọ́ ọn. Á fọwọ́ mú iwájú orí, á ní, "Ó ti dé òkè."

Ó bá ọmọbìnrin kan jà ní kẹ́míìsì kan ní Ìkòtún nítorí rẹ̀. Ọmọ náà rò pé òun ń ṣe é lóore, ó da oògùn náà kúrò nínú ìgò rẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún oògùn ibà, kó lè rọrùn fún Bàbá láti fi sápò. Bàbá ò gbà á. Ó ṣàlàyé pé inú ìgò dúdú tó ní ìdérí ni oògùn yẹn gbọ́dọ̀ máa gbé, torí tí afẹ́fẹ́, oòrùn àti ooru bá rí i, á máa fò lọ díẹ̀díẹ̀ bíi kánfọ̀ inú àpótí aṣọ. Ọmọ náà ní Bàbá, oògùn ni, kì í ṣe ẹyẹ. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i, ọ̀gá kẹ́míìsì jáde, wọ́n fún un ní ìgò tuntun tí wọn ò tíì ṣí. Ó gbà á, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún ọmọ náà: "Tẹ́ ẹ bá fún mi ní èyí tẹ́ ẹ dà sọ́rá yẹn, lọ́jọ́ tí àyà bá dùn mí, ẹfun lásán ni n óò máa lá."

Dókítà tún ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ lo oògùn agbára ọkùnrin mọ́ ọn láéláé. Obìnrin náà ń wo tábìlì nígbà tó ń sọ ọ́, torí pé bàbá àgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló wà níwájú rẹ̀. Bàbá ò wo tábìlì ní tiẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àwọn lańlọ́ọ̀dù, ó dìde nígbà tí wọ́n béèrè bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn kù, ó sì ṣàlàyé fún gbogbo wọn: ọ̀kan ń sọ fún ẹran iṣan pé kó dẹwọ́, èkejì ò ní í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán létí rẹ̀, iṣan á dẹ̀ kọjá ààlà, ẹ̀jẹ̀ ò ní í gòkè dé orí mọ́, èèyàn á ṣubú, ó sì lè má dìde. Àwọn àgbo tí wọ́n ń polówó kiri náà, ó ní kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ yẹn, oríṣiríṣi bàbá ló ń yà sílé wa lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ní àwọn kàn ní kí àwọn wá kí Tíṣà ni. Ó gba gbogbo wọn lálejò. Ó ní, "Àwọn èèyàn àdúgbò yìí fẹ́ràn mi, mi ò mọ̀ ni."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìjọ aláṣọ funfun kan lọ́nà Ìṣẹ̀rí-Ọlọ́fin ni wọ́n ń lọ. Ìyàwó rẹ̀, Màmá tó bí ìyá mi, ló mú un débẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìjọ aláṣọ funfun ló ń ṣe bíi tiwa, ṣùgbọ́n níbi tiwa, ẹni tí wọ́n bá so àmùrè àgbà ìjọ mọ́ nídìí ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé oògùn ò ní í kan ẹnu òun mọ́ láyé. Omi àdúrà àti òróró tó. Bàbá jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é. Nígbà tí Màmá wá fẹ́ kú, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní kó ṣèlérí pé kò ní í fi ìjọ náà sílẹ̀, pé àwọn tó bá wọ òun láṣọ funfun náà ni kó wọ̀ ọ́ fún un nígbà tí tirẹ̀ bá tó, kí òun lè tètè dá a mọ̀ lọ́hùn-ún. Bàbá ò gbà rárá pé wọ́n ń wọṣọ lọ́hùn-ún. Ó ṣèlérí. Ẹni tí wọ́n bá sì ká oògùn mọ́ lọ́wọ́, wọ́n á gba àmùrè rẹ̀, ìjọ ò ní í sin ín, wọn ò ní í wọ̀ ọ́ láṣọ. Nítorí náà, Bàbá di ìgò dúdú náà sábẹ́ àmùrè, torí sùtánà kò ní àpò, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ọjọ́ ìsinmi. Mo bi í bóyá irọ́ kọ́ nìyẹn. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ẹni tó ṣáájú àwọn obìnrin tó wọ Màmá láṣọ ni Màmá Ẹ̀gbẹ́dá, ìyá ìjọ, ọ̀rẹ́ Màmá láti ọjọ́ pípẹ́. Òun àti Bàbá ò jọ gbọ́ra wọn yé rí. Àdúrà rẹ̀ máa ń gùn, Bàbá sì gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ nígbà àkọ́kọ́. Tí Bàbá bá ṣí fèrèsé, á ní kí wọ́n tì í. Àyà ń dun òun náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Ṣẹ́gun, fi ẹ̀bẹ̀ mú un lọ sí ọsibítù láìjẹ́ kí ìjọ mọ̀, wọ́n sì fún un ní oògùn abẹ́ ahọ́n kan náà. Ìgbà kìíní tó lò ó, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì bí ẹni ń gúnyán. Ó ní ogun ni. Ó ní Ọlọ́run ń bá òun wí. Ó da oògùn sí gọ́tà, ó fi òróró para, ó sì wá jẹ́rìí rẹ̀ fún Bàbá ní ìdúró lẹ́yìn ìsìn.

Bàbá mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀fọ́rí yẹn bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ́, obìnrin náà á bi í ibi tó ti mọ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń retí àlàyé gígùn tó máa ń ṣe. Ó ní òun á máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà. Ẹ̀rù bà mí, torí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ọjọ́ ìkórè ọdún náà ni Bàbá ṣubú. Àárín àdúrà ìdúró ni àyà fún un, ó yíjú sí ògiri, ó fi oògùn sábẹ́ ahọ́n. Àgbà ìjọ kì í jókòó nígbà àdúrà ìdúró, nítorí náà ó dúró. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa gòkè lọ sí orí rọra jókòó sí ẹsẹ̀. Bàbá nìkan ni kò jókòó. Mo rí i láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin bó ṣe ń tẹ̀ lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kí n tó lè pariwo, agogo ti dún. Wọ́n ní ẹ̀mí ti gbé Tíṣà.

Ní ìjọ wa, wọn kì í fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀mí bá gbé. Wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, gbalaja, wọ́n tan àbẹ́là yí i ká, wọ́n ń kọrin. Àwọn obìnrin di èmi náà mú, wọ́n rò pé ó fẹ́ gbé mi ni. Ohun tí dókítà ì bá ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe yẹn gẹ́lẹ́: wọ́n jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì padà sí orí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tó lajú, Wòlíì tó jẹ́ olórí ìjọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bi í pé kí ló rí. Bàbá wo òkè. Ó ní òun rí àjà ilé. Wòlíì yíjú sí ìjọ, ó sì fi bí ìṣẹ́jú mélòó kan túmọ̀ àjà ilé fún wọn.

À bá ti rẹ́rìn-ín sí i nílé, ká sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n Màmá Ẹ̀gbẹ́dá dìde tẹkúntẹkún. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé àyà ń dun Tíṣà, ó ní, torí kò sí ẹni tó kí i tí kò sọ ọ́ fún. Àyà kan náà ló ń dun òun. Tíṣà ò lo oògùn, Ẹ̀mí sì gbé e lọ, ó tún gbé e padà wá. Nítorí náà, òun búra níwájú pẹpẹ pé ẹsẹ̀ òun ò ní í tẹ ọsibítù mọ́. Ìjọ ṣe àmín. Níta, Ṣẹ́gun fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bẹ Bàbá pé kó bá òun sọ̀rọ̀ fún ìyá òun, torí dókítà ti ní bó bá ń gbé àyà yẹn kiri láìlo nǹkan kan, àárọ̀ ọjọ́ kan lè dé tí kò ní í jí. Kò mọ ohun tó wà lábẹ́ àmùrè ẹni tó ń bẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ilé, ó ń wo ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀ aládùúgbò wa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi mí bóyá mo rò pé aṣọ ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní òun náà ò mọ̀, mo sì rí i pé ó dùn ún gidigidi pé nǹkan kan wà tóun ò mọ̀, pàápàá eléyìí. Ó ṣàárò ìyàwó rẹ̀. Kò sọ ọ́ rí kó tó dìgbà yẹn, kò sì tún sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ lọ́jọ́ náà: "Mo ṣàárò ìyá yín, Fúnmi. Mi ò fẹ́ kó máa wá mi kiri."

Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n pè é síwájú kó wá dúpẹ́ ìrìn àjò rẹ̀. Ó béèrè fún àga. Wọ́n gbé e wá. Ó jókòó, ó tú àmùrè, ó mú ìgò dúdú náà jáde, ó gbé e sókè bó ṣe ń gbé nǹkan sókè fún àwọn ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì.

"Mi ò lọ ibì kankan," ó ní. "Oògùn ni mo fi sábẹ́ ahọ́n, mo sì dúró nígbà tó yẹ kí n jókòó. Iṣan ara mi dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀, mo ṣubú. Mo dúpẹ́ pé ẹ ò gbé mi dìde." Ó wá yíjú sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. "Màmá, ẹ̀fọ́rí tẹ́ ẹ sọ yẹn, èmi náà ń ní in. Kì í ṣe ogun. Oògùn ló ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ gbà á."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Wòlíì, tí kì í ṣe èèyàn búburú, wò ó pẹ̀lú àánú. Ó ní tó bá lè jù ú nù báyìí, kó tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ náà á tán síbẹ̀. Bàbá wo ìgò náà. Ó ní òun ò lè jù ú nù, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Wọ́n gba àmùrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì jáde láàárín gbogbo wọn, mo sì sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí dé Ìgándò. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n nu ojú mi. Ó ní, "Àmùrè ni wọ́n gbà. Wọn ò gba ìgò."

Inú Màmá Ẹ̀gbẹ́dá ò dùn sí i rárá. Ó ní Tíṣà fi ìṣubú purọ́ níwájú pẹpẹ, ó sì fi òun ṣẹ̀sín láàárín ìjọ. Tó bá pàdé wa lọ́jà, á wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí òjò fi lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ṣẹ́gun yọ sí wa. Ó ní àwọn kan ń béèrè, òun ò ní dárúkọ, pé báwo ni ẹ̀fọ́rí yẹn ṣe máa ń pẹ́ tó. Mi ò rí kí inú Bàbá dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wá láti ọsibítù. Ó ní kì í pẹ́, ara sì máa ń mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀, kí ẹni náà béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó lè lo parasitamọ́ọ̀ sí i. Kó máa jókòó. Kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á sínú ọ̀rá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ṣẹ́gun tún dé. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kó máa ta abẹ́ ahọ́n. Báyìí ni àgbàlagbà méjì tí kò kí ara wọn ṣe ń jíròrò iṣan ẹ̀jẹ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgándò, tí Ṣẹ́gun sì ń jó epo mọ́tò láàárín wọn. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn ni bóyá èèyàn lè lò ó nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Bàbá ronú sí i dáadáa. Ó ní, "Ẹ sọ fún àwọn kan pé ó ṣeé ṣe, tí orúnkún bá lè máa dùn wọ́n."

Mo gbọ́ pé láti ìgbà náà ni orúnkún Màmá Ẹ̀gbẹ́dá kì í jẹ́ kó lè dúró nígbà àdúrà ìdúró mọ́.

Oògùn yẹn kì í wo ọkàn sàn. Bàbá ló máa ń sọ ọ́ jù. Ó ń bá ọkàn gbé ẹrù ni, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí ẹrù á ju ti ẹni méjèèjì lọ. Ọjọ́ náà dé nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e. Àyà fún un, ó jókòó, ó lò ó, ìrora náà ò lọ. Mo gbé e dé ọsibítù. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo jáde lọ ra omi, nígbà tí mo fi máa padà, ó ti lọ. Mo ṣì ń bínú sí omi yẹn.

Wòlíì ránṣẹ́ sí wa pé àwọn bá wa kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ìjọ ò ní í lè wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ra kóòtù tuntun, òun ni wọ́n wọ̀ fún Bàbá ní mọ́ṣúárì, wọ́n sì bẹ àlùfáà kan láti ìjọ mìíràn. Nígbà tí wọ́n gbé pósí kalẹ̀ sí iwájú ilé, mo wo Bàbá nínú kóòtù náà. Ó dà bí òṣìṣẹ́ báńkì. Mo ro ti Màmá, tí yóò máa wo gbogbo ẹni tó bá ń wọlé, mo sì sunkún débi pé wọ́n mú mi jókòó.

Àlùfáà ti ń ṣí ìwé rẹ̀ nígbà tá a rí Màmá Ẹ̀gbẹ́dá tó ń gòkè bọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ó wọ sùtánà, ó so àmùrè, kò wọ bàtà. Ṣẹ́gun ń tẹ̀ lé e, aṣọ funfun kan tí wọ́n ti lọ̀ wà lórí apá rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ pàdé rẹ̀, ó rọra sọ fún un pé ìjọ ti ní àwọn ò ní í wá. Èémí Màmá Ẹ̀gbẹ́dá ò délẹ̀. Ó fọwọ́ lé àyà, ó ní kí wọ́n fún òun ní àga.

Ó jókòó láàárín wa. Àgbà ìjọ méjì wà níbẹ̀, tí wọ́n ní gẹ́gẹ́ bí lańlọ́ọ̀dù ni àwọn ṣe wá, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ìjọ. Ó wo àwọn méjèèjì lójú. Ó tú àmùrè, ó mú ìgò dúdú jáde níbẹ̀, ó ṣí i, ó gbé ahọ́n sókè, ó fi oògùn síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pe orúkọ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní ṣé ó mọ̀ pé àwọn ń wò ó. Màmá Ẹ̀gbẹ́dá gbé ọwọ́ kan sókè.

"Ẹ ní sùúrù jàre," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ ná."

Gbogbo wa ní sùúrù. Àlùfáà pa ìwé dé. Àwọn tó gbé pósí dúró. Alhájì onísìmẹ́ńtì dúró. Nígbà tó ṣe, Màmá Ẹ̀gbẹ́dá fọwọ́ mú iwájú orí, ó dìde, ó súnmọ́ pósí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì kóòtù náà. Ṣẹ́gun na aṣọ funfun náà sí i. Ìyá rẹ̀ ní kí n wá di apá ọ̀tún Bàbá mú fún òun.